Eṣinṣin Kẹfà

Nígbà tí Làtíìfù fi máa bojú wẹ̀yìn, ìwọ̀ rẹ̀ ti kọ́ obìnrin náà láṣọ.

Ó ti na ọ̀pá ìpẹja sẹ́yìn, ó fẹ́ jù ú síwájú, okùn sì dúró gbọin. Ó rò pé ẹ̀ka igi ni. Ó fà á díẹ̀. Ẹ̀ka igi náà sọ̀rọ̀.

"Ẹ rọra o. Ẹ máa fa aṣọ Olúwa ya."

Obìnrin kan ló dúró ní bèbè odò, nínú ìkùukùu oṣù kẹrin, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Làtíìfù ò gbọ́ ìgbà tó dé. Ewé gbígbẹ kún ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ẹyẹ lásán bá bà lé e, á ró. Síbẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ló kọ́kọ́ wò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní kékeré: ẹni tó bá ṣàdédé yọ sí ọ létí omi, wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó kanlẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà kanlẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn mi."

"Ẹ wá ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ ra ẹsẹ̀ màlúù ní ọjà Rye Lane."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ni yín ni."

"Ẹ ti wá rí i?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Làtíìfù kúnlẹ̀ láti yọ ìwọ̀ lára etí aṣọ rẹ̀. Ìwọ̀ náà kéré, kò ju ẹ̀fọn lọ, wọ́n sì ti wé nǹkan mọ́ ọn tó fi jọ kòkòrò.

"Kí lẹ fi ṣe é?"

"Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, irun ehoro, àti òwú sẹ́dà. Eṣinṣin là ń pè é. Orí omi ló máa ń léfòó."

"Ẹja wá ń jẹ ìyẹ́ àkùkọ?"

"Ó máa ń rò pé kòkòrò ni. Ìgbà tó bá fi mọ̀ pé òun kọ́, ó ti pẹ́."

"Ẹ ò yàtọ̀ sáwọn ọkùnrin yòókù nígbà náà."

Làtíìfù tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó yọ ìwọ̀ náà, ó dìde.

Magdalene lorúkọ obìnrin náà. Opó ni. Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Peckham, ní London, ló ń lọ. Ó ní òun kì í rí oorun sùn, wòlíì wọn sì ní kí òun lọ gbàdúrà létí omi tó ń ṣàn, ọjọ́ Tuesday mẹ́ta.

"Odò Thames ló sún mọ́ yín jù," Làtíìfù ní. "Kí ló gbé yín dé odò Wandle yìí?"

"Thames ń bá òkun lọ, ó tún ń bá a padà bọ̀. Wòlíì ní èyí tó bá lọ tí kì í padà ni."

Làtíìfù mi orí. Ó ń gbé ní Peckham láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò tí ì ro Thames bẹ́ẹ̀ rí.

*

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Làtíìfù. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ọmọbìnrin kan ló bí fún un, Yusrah.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó tọ́jú ló ti kọ́ ẹja pípa. Arúgbó òyìnbó kan ni. Ọdún mẹ́rin ni Làtíìfù fi wẹ̀ ẹ́, tó fi bọ́ ọ. Ọwọ́ arúgbó náà ti ń gbọ̀n, kò lè di eṣinṣin mọ́, ó wá ń sọ ọ́ lẹ́nu, Làtíìfù ń fi ọwọ́ ṣe é. Nígbà tó kú, ó fi ọ̀pá oparun rẹ̀ sílẹ̀ fún un, àti àpótí ìyẹ́ kan. Ẹja tí òyìnbó ń pè ní tíráótì ni wọ́n ń wá, tó ń dàgbà fúnra rẹ̀ nínú odò, tí ẹnikẹ́ni kò sìn. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n á dá a padà sómi.

"Ẹ mú un, ẹ tún jù ú padà?" Magdalene bi í ní Tuesday kejì. "Kí wá lẹ jẹ?"

"Sáńwíìṣì."

"Olúwa mi o. Ẹ gba mọ́ínmọ́ín."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Magdalene á gbàdúrà nísàlẹ̀ odò, Làtíìfù á pẹja lókè. Tó bá di ìrun Àìlà lọ́sàn-án, Làtíìfù á tẹ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀ sílẹ̀, á kírun. Lẹ́yìn náà wọ́n á jọ jókòó lórí ẹ̀wù náà, wọ́n á mu tíì nínú fláàsìkì kan. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tó wọn bẹ́ẹ̀.

Ní Tuesday kẹta, Làtíìfù béèrè oríkì rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa pè é ni."

Magdalene wo omi. "Àníkẹ́," ó ní. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn."

"Àníkẹ́, bu tíì sí i."

Ó bù ú.

Tuesday mẹ́ta pé. Èyí tó ṣe ìkẹrin, Làtíìfù dé odò, ó bá a níbẹ̀.

"O ti parí àdúrà rẹ."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá wo ẹja."

Làtíìfù bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ fún un.

*

Oṣù karùn-ún wọlé. Kòkòrò kan wà tó máa ń jáde lójú odò yẹn lásìkò náà, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ògì bàbà tó fẹ́ di yẹ́lò. Bó bá ti jáde, ẹja kì í wo òmíràn. Làtíìfù nílò òwú sẹ́dà yẹ́lò láti fi di irú rẹ̀, tirẹ̀ sì ti tán. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rà á kò tà á mọ́. Ó gbìyànjú òwú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà ní Peckham, kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́dà máa ń mu omi, àwọ̀ rẹ̀ á jìn. Náílọ́ọ̀nù kàn ń dán ni.

Ó sọ ọ́ fún Magdalene bí ẹni ń sọ ti ojú ọjọ́.

"Mo ní sẹ́dà yẹ́lò nílé," ó ní.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ó mú un wá. Ó ká a sínú bébà. Kò sọ ibi tó ti rí i. Làtíìfù kò sì béèrè.

Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Arúgbó òyìnbó ti kọ́ ọ pé kó máa mọ ẹran tí irun rẹ̀ ti wá. Kò kọ́ ọ pé kó mọ aṣọ tí òwú ti wá.

Mẹ́fà ló dì, lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Òwú náà dára. Ó máa ń jókòó síbi téèyàn bá fi í sí, bí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tó parí, gbogbo yàrá ń rùn lọ́fínńdà. Yusrah dé lọ́jọ́ kejì, ó fa imú.

"Daddy, ta ló wá síbí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kò sẹ́nì kankan yẹn ń lo perfume gan-an o."

*

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú eṣinṣin yẹ́lò náà lọ sódò, kòkòrò kankan ò fò. Ojú omi tẹ́ bíi dígí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹja kì í gòkè. Ó jù ú bẹ́ẹ̀ náà. Ẹja gòkè, ó gbé e.

Ẹja inú odò yẹn a máa jà. Kì í tóbi, ṣùgbọ́n yóò fò, yóò sá wọ abẹ́ gbòǹgbò, yóò fẹ́ já okùn. Eléyìí kò jà. Ó tẹ̀ lé okùn bí ọmọ tí wọ́n fà lọ́wọ́. Làtíìfù tẹ àwọ̀n bọ omi, ẹja náà wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó ń wò ó. Ó tú u sílẹ̀. Kò lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rọ́bà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, tó ń dúró gba èsì.

Mẹ́rin ló mú lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe.

Inú rẹ̀ kò dùn. Apẹja mọ oríire, ó sì mọ ohun tí kì í ṣe oríire.

Ọjọ́ kejì tó lọ, ó rí nǹkan funfun nínú omi. Igi kan tẹ̀ ba odò lápá kejì. Lábẹ́ òjìji igi náà ni ohun funfun náà wà, òjìji ọkùnrin tó dúró. Làtíìfù gbé ojú sókè, ó wo bèbè. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó padà wo omi. Òjìji náà ṣì wà. Àwọn ẹyẹ ti dákẹ́. Òórùn lọ́fínńdà ń ti orí omi bọ̀.

Ó ní, "Bísímílááhì." Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ sílé.

Tuesday tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ká Magdalene mọ́, kò wá. Lọ́jọ́ yẹn ọkùnrin náà ti wà lórí bèbè òdìkejì gan-an. Àgbàlagbà ni, ó wọ sùtánà, kò wọ bàtà. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ rẹ̀ mú níbàdí. Làtíìfù rò pé ará ìjọ wọn ni.

"Ẹ ǹ lẹ́ o, sà! Màmá ò wá lónìí."

Ọkùnrin náà ò dáhùn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, koríko ń mì, ṣùgbọ́n etí sùtánà rẹ̀ kò mì.

Ẹja ńlá kan gòkè lábẹ́ igi tó tẹ̀ yẹn. Kí Làtíìfù tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti ju eṣinṣin. Ẹja gbé e. Eléyìí jà. Ó fà á bí ẹni pé ó fẹ́ mú un sọdá sí òdìkejì. Omi dé e ní orúnkún, ó dé e ní itan. Okùn já. Ní apá ọ̀hún, ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Nígbà tí Làtíìfù ká okùn rẹ̀ tán, tó wòkè, kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Eṣinṣin márùn-ún ló kù nínú àpótí. Ẹ̀kẹfà wà lẹ́nu ẹja.

Kò sọ ọ́ fún Magdalene. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sọ ọ́, kò ní wá sódò mọ́.

*

Aylesbury Estate, ilé alájà púpọ̀ tí ìjọba kọ́, ni Magdalene ń gbé. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Wọ́n ti fi irin dí ilẹ̀kùn púpọ̀ níbẹ̀; ìdílé mẹ́ta péré ló kù lájà tirẹ̀. Ọ̀sán gangan ni Làtíìfù lọ kí i, síbẹ̀ ìró bàtà rẹ̀ ń tẹ̀ lé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé àwọn méjì ló ń rìn.

Ó jókòó, ó mu omi, ó sọ ohun tó bá wá.

"Àníkẹ́, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Yàrá méjì ló wà nílé mi. Ọ̀kan ṣófo."

"Ẹ fẹ́ fẹ́ mi kí yàrá má baà ṣófo?"

"Rárá. Kí èmi má baà ṣófo ni."

Magdalene fi etí ìborùn nu ojú. "Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá Yusrah. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bá Ẹniolúwa sọ ọ́ ná."

Ẹniolúwa ni ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọgbọ̀n ọdún, Deptford ló ń gbé. Ó pariwo lórí fóònù débi pé Làtíìfù ń gbọ́ ọ láti orí àga.

"Mummy! Ìmàle? Ìmàle tó ń fi kòkòrò ṣeré?"

"Ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, Ẹniolúwa."

"Ọlọ́run wo? Mò ń bọ̀ ní Saturday. Ẹ ní kóun náà wá."

Ti Yusrah náà kò rọrùn.

"Daddy, aláṣọ funfun? Àwọn tí kì í wọ bàtà?"

"Ó ní bàtà nílé."

"Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ tan àbẹ́là, Daddy. I'm serious."

"Bí iná bá lọ, màá tàn án."

Yusrah wò ó. "Ṣé ẹ nífẹ̀ẹ́ wọn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà jókòó. Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí, àní nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé. "Okay," ó ní. "Èmi ni mo máa se ìrẹsì, ṣá."

*

Ní Saturday, Ẹniolúwa jókòó sórí apá àga, ó kó apá jọ. Ó ń pe Làtíìfù ní "sà" bí ẹni ń ju òkò. Magdalene gbé tíì wá.

Làtíìfù rò ó pé ilé téèyàn fẹ́ wọ̀, kò yẹ kó gbé àṣírí wọ̀ ọ́.

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan," ó ní. "Ǹjẹ́ àgbà ìjọ yín kan máa ń wá sí odò yẹn? Mo ti rí i. Kì í dáhùn bí mo bá kí i. Ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di sùtánà mú níbàdí, bí ẹni tí aṣọ fẹ́ tú mọ́ lára."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Magdalene.

Ẹniolúwa wo ìyá rẹ̀, ó dìde, ó lọ já àwòrán kan lára ògiri, ó gbé e síwájú Làtíìfù. "Ṣé ẹni yìí ni?"

Òun ni. Nínú àwòrán náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀. Àmùrè sẹ́dà yẹ́lò kan ló dì mọ́ ìbàdí.

"Daddy mi nìyẹn," Ẹniolúwa ní. "Ọládiméjì. Wọ́n ti kú."

"Mo mọ̀ báyìí," Làtíìfù ní.

Magdalene ti jókòó sílẹ̀ láàárín àfọ́kù ife. Ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Èmi ni. Kí wọ́n tó kan pósí, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ díẹ̀. Mo tú àmùrè rẹ̀, lọ́fínńdà ìsìnkú ṣì wà lára rẹ̀, mo kì í bọ báàgì mi. Ohun tó ti kan ara rẹ̀ ni mo fẹ́ ní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lá a. Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á di aṣọ mú. Á ní, 'Àníkẹ́, kí ni kí n dì?' Mi ò lè sọ ọ́ fún wòlíì. Mo kàn ní mi ò rí oorun sùn."

"Òwú tí o fún mi," Làtíìfù ní.

"Ara rẹ̀ ni mo ti fà á. Mo rò pé bí mo bá lè fún ẹ nínú rẹ̀, á jẹ́ pé mo ti lè jọ̀wọ́ rẹ̀."

Ẹniolúwa ń sunkún, ó sì ń bínú. "Mummy, àgbà ìjọ kì í lọ láìdi àmùrè. Ẹni tí kò di àmùrè, kò lè bá wọn tò. Ẹ̀yin náà ló kọ́ mi. Ọdún mẹ́ta ni Daddy ti wà níta!" Ó yíjú sí Làtíìfù. "Sà, mi ò ní nǹkan tí mo ń bá yín jà lé lórí mọ́. Àmọ́ èmi ni ọmọkùnrin ilé yìí. Èmi ni mo máa fa Mummy lé ọkọ lọ́wọ́. Mi ò lè fà wọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tí Daddy mi ṣì dúró síta."

"Òótọ́ ló sọ," Magdalene ní. "Bàbá Yusrah, mi ò ní wọlé yín títí aṣọ rẹ̀ á fi pé sí i lára."

Làtíìfù ní ó dára. Ó lọ mú àpótí eṣinṣin rẹ̀ wá láti Peckham.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí itẹ́ òkú lọ́nà Forest Hill. Wọ́n bọ́ bàtà. Ṣíbí ni Ẹniolúwa fi gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta bàbá rẹ̀. Wọ́n ká àmùrè náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò. Eṣinṣin márùn-ún ni Làtíìfù kó lé e. Ẹniolúwa gbàdúrà. Wọ́n bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Magdalene pè é lórí fóònù.

"Ó tún wá lójú àlá," ó ní. "Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló ṣì fi di aṣọ mú."

Làtíìfù wo àpótí eṣinṣin rẹ̀.

"Ẹ̀kẹfà," ó ní. "Ẹnu ẹja ló wà."

*

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹja yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà le. Ìwọ̀ tó wà lẹ́nu ẹja á dípẹtà, á já bọ́ sísàlẹ̀ odò. Kòkòrò oṣù karùn-ún náà kò ní pẹ́ parí. Bó bá parí, ẹja ńlá á wọ ibú, kò ní gòkè mọ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣẹlẹ̀, Magdalene ò ní di aya rẹ̀. Kò sí òwú yẹ́lò mọ́. Eṣinṣin eléèérú lásán ló fi ń wá a.

Ojoojúmọ́ ló ń lọ. Ẹja kéékèèké ń gbé e, wọ́n sì ń jà bó ṣe yẹ kí ẹja jà. Ó ń la ẹnu wọn wò, ó ń tú wọn sílẹ̀.

Ọládiméjì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti sọ̀ sílẹ̀. Ọ̀tún ló fi di aṣọ mú. Làtíìfù ò ké sí i mọ́ bí àlejò. Bó bá ti dé, á ní, "Ẹ kú ìdúró, sà." Á tún ìdí okùn rẹ̀ ṣe, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ń kírun, ó máa ń mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń wo òun. Ọjọ́ méjìlá lọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹtàlá, Magdalene bá a lọ. Ó wọ sùtánà rẹ̀. Kòkòrò tó jáde lọ́jọ́ yẹn kò pé mẹ́wàá.

"Ó wà níbẹ̀?" ó béèrè.

"Ó wà níbẹ̀."

"Mi ò rí i."

"Abẹ́ igi yẹn ló wà."

Magdalene tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń wò ẹ́."

"Ṣé inú ń bí i?"

Làtíìfù wò ó dáadáa kó tó dáhùn. "Kò jọ ẹni tí inú ń bí. Ó jọ ẹni tí òtútù ń mú."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lórí ẹrẹ̀. "Ọládiméjì," ó ní, "mo ṣẹ̀ ọ́. Mo rò pé tèmi nìkan ni ọ́. Mi ò rò ó pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń retí rẹ. Dákun. Mo fẹ́ kó o lọ. Kì í ṣe pé mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ mọ́. Ó ti tó kó o máa rìn káàkiri nítorí mi ni."

Afẹ́fẹ́ dúró. Òórùn lọ́fínńdà dé. Magdalene náà gbọ́ òórùn náà, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Làtíìfù ṣí fìlà. Ó ti pẹ́ tó ti bá àgbà sọ̀rọ̀ báyìí.

"Bàbá Ẹniolúwa, sà. Mi ò jí nǹkan yín. Wọ́n fún mi, mi ò sì béèrè. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Màá tọ́jú wọn. Bí oorun bá kùn wọ́n, màá jẹ́ kí wọ́n sùn. Mi ò ní ohun tí mo lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹja náà hàn mí."

Ó dúró. Omi ń lọ.

Ọwọ́ òsì Ọládiméjì gòkè díẹ̀díẹ̀. Kò nà án sí abẹ́ igi. Ó nà án sọdá omi, sí ibi tí Magdalene kúnlẹ̀ sí, sísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀ gan-an.

"Àníkẹ́," Làtíìfù ní jẹ́jẹ́, "má mira."

Omi ti jẹ abẹ́ bèbè níbẹ̀, ó ti di ihò. Imú ẹja kan yọ díẹ̀ lẹ́nu ihò náà. Láti ọjọ́ méjìlá, òkè odò ni Làtíìfù ti ń wo. Ó fa okùn bíi apá méjì péré, ó fi orúnkún méjèèjì sínú omi, ó jẹ́ kí eṣinṣin eléèérú náà bà bí ewé.

Ẹja náà wò ó. Ó tẹ̀ lé e. Ó gbé e.

Odò fọ́n ká. Ẹja náà fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sá gba ìsàlẹ̀, ọ̀pá oparun tẹ̀ títí tó fi ń ké. Làtíìfù ń sáré tẹ̀ lé e láàárín òkúta. "Àwọ̀n!" ó pariwo. "Àníkẹ́, àwọ̀n!" Magdalene ti bọ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ Olúwa lọ́rùn, ó di àwọ̀n mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń pe Jésù.

"Gbé e! Gbé e báyìí!"

Ó gbé e. Ẹja náà wọlé.

Ó gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ni eṣinṣin yẹ́lò wà. Làtíìfù fi ìka méjì yọ ọ́. Kò dípẹtà. Ìyẹ́ rẹ̀ nà gàgà bí ọjọ́ tó dì í. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Magdalene.

"Bàbá Yusrah," Magdalene ní, "nǹkan yìí gbẹ."

Ó gbẹ lóòótọ́. Omi kankan kò sí lára rẹ̀.

Wọ́n tẹ àwọ̀n bọ odò. Ẹja náà mí lẹ́ẹ̀mejì, ó gba òkè lọ láìbojú wẹ̀yìn. Làtíìfù wo òdìkejì. Ọwọ́ Ọládiméjì méjèèjì ti sọ̀ sílẹ̀. Ó yí padà, ó ń rìn lọ sáàárín igi. Lọ́tẹ̀ yìí, ewé ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló ń rìn yẹn?" Magdalene béèrè.

"Ìwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́." Ó dúró nínú omi, ó ń fetí sí i, títí ìró náà fi tán. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

*

Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà lọ sí itẹ́ òkú. Ẹniolúwa tún ihò kan náà gbẹ́, ó fi eṣinṣin kẹfà sínú rẹ̀, ó bò ó. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fi lé ti Làtíìfù.

"Sà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò le mọ́, "Mummy mi rèé. Wọn kì í jẹ sáńwíìṣì o."

"Mo ti mọ̀," Làtíìfù ní.

Oṣù keje ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ní ilé Làtíìfù ní Peckham. Àáfà kan wà níbẹ̀, ẹni méjì wá láti ìjọ Magdalene, gbogbo wọn ò ju mọ́kàndínlógún lọ. Yusrah se ìrẹsì. Láti òru ọjọ́ náà, Magdalene ń sùn, kì í jí títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọdún méjì ti kọjá. Koríko ti bo sàréè Ọládiméjì àti gbogbo àyíká rẹ̀, àfi ibi tí wọ́n ri àmùrè àti eṣinṣin náà mọ́. Ẹniolúwa ti fọ́n irúgbìn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò hù. Ibẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.